Ojú Tí Kò Padé Nínú Ọkọ̀ Ọba Bẹ́-ẹ-Ná

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi ọdán yìí, ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀pà gbé e mì kíá, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lè mú kí ẹ̀pà há a lọ́fun. Ṣùbérù awakọ̀ ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní iná kékeré kan tí wọ́n yà bí ẹ́ńjìnì ń tàn níwájú òun nínú ọkọ̀, pé ọkọ̀ ń rìn dáadáa ṣùgbọ́n iná kò kú, òun sì ti fi tépù dúdú bò ó kí ó má baà máa yọ òun lẹ́nu. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ máa rín in lọ. Èmi Ọdẹ́níran, tí erin gbọ́ ikọ́ mi tí ó gbàgbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà tí ó ń kí mi pé ẹ kú ọdẹ, mo mọ ìlú kan tí orí mẹ́tàdínlógún ti kúrò lọ́rùn nítorí irú iná bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ọmọ ìyá mi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìkejìdínlógún.

Abíọ́nà ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà oko ni ìyá wa bí i sí. Mẹkáníìkì ni, kì í sì í pariwo bíi tèmi. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá fún un, kì í sáré mú sípánà. Yóò jókòó tì í, yóò tẹ́tí sí i, yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò sì máa mi orí bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya. Ó máa ń ní ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà yóò rí ìfun rẹ̀. Èmi a sì dá a lóhùn pé bí ó bá jẹ́ ọdẹ ni, ẹran ì bá ti darúgbó kí ó tó yìnbọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìyá wa kú, òun nìkan ni mo ní láyé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ojú mi méjèèjì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹbọra mẹ́ta já wọ ọgbà iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọba àwọn ń fẹ́ mẹkáníìkì. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbá oníbàárà kan mọ́ ògiri, eyín rẹ̀ tú ká bí àgbàdo. Wọ́n ṣẹ́ èkejì lápá. Wọ́n sì di Abíọ́nà lókùn bí ẹni di ewúrẹ́. Nígbà tí mo dé, ẹ̀jẹ̀ ni mo bá nílẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ṣẹ́ lápá tí ó ń nawọ́ kejì sí ọ̀nà tí wọ́n gbà. Mo ki ìbọn mi, mo so àdó ẹ̀tù mọ́ ìdí, mo da ata gígún sápò, mo fa àdá yọ, mo sì bọ́ sọ́nà. Ẹ má bi mí pé ibẹ̀ jìnnà tó ibo. Ẹni tí wọ́n jí àbúrò rẹ̀ gbé kì í ka ibùsọ̀.

Igbó Má-Mí ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Ẹni tí ó bá mí níbẹ̀, ẹbọra kan tí ń jẹ́ Onímú-Àgbá yóò gbọ́ òórùn èémí rẹ̀, yóò sì fà á símú. Ẹbọra náà kò ní ojú, kò ní etí. Imú ni gbogbo iwájú rẹ̀, ajá sì lè bímọ sínú ihò imú náà kí àyè tún kù. Mo di èémí mi mú. Mo rìn, mo rìn, àyà mi ń jó mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ la igbó já. Ni mo bá sín.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ni kì í sín? Kí n tó wí pé Ògún gbà mí, ẹ̀fúùfù ti gbé mi nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wọ inú imú dé orúnkún, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ irun imú bí ẹni rọ̀ mọ́ ìtàkùn lójú omi. Ẹbọra náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí ó ki orí bọ ìkòkò.

“Ọmọ ènìyàn, já àlọ́ kan fún mi kí n tó gbé ọ mì. Bí o bá já a, mo fi ọ́ sílẹ̀. Olè kan ń gbé nínú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó ń jí gbé jáde, díẹ̀díẹ̀. Ojú kò lè rí i, ìbọn kò lè bà á, ṣùgbọ́n imú mọ̀ ọ́n. Kí ni?”

“Òórùn ni!” mo kígbe. “Èémí ohun tí ó wà nínú ilé náà ni!”

“O já a, n kò ní í purọ́,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí.”

Ẹ gbọ́ ìwà ọ̀dàlẹ̀! Mo tú gbogbo ata àpò mi sínú ihò náà. Sínsín tí ó sín gbé mi lu igi àràbà, egungun ìhà mi méjì kán. Àpá rẹ̀ nìyí, ẹni tí ó bá rò pé mò ń purọ́ kí ó wá fi ọwọ́ kàn án. Bí mo ti ṣubú ni mo na ìbọn, mo sì yìn ín sínú ihò imú òsì. Iwájú rẹ̀ là sí méjì bí àgbọn, ẹ̀jẹ̀ dúdú sì bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Bí ó ti ń kú lọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀dọ̀ Ọba Bẹ́-ẹ-Ná ni ò ń lọ. Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ láti ibí. Kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè.” Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú, mo nu ojú mi, mo tún ki ìbọn mi, mo sì ń lọ.

Òwúrọ̀ ni mo dé ìlú náà. Igi ṣóńṣó mẹ́tàdínlógún wà lẹ́nu ibodè, orí mẹkáníìkì kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, eṣinṣin ń rìn lójú wọn. Igi kejìdínlógún dúró lófìfo. Ọba náà ga bí igi àgbọn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ju ti ẹyẹlé lọ, bóyá nítorí náà ni inú rẹ̀ kì í fi í dùn bí ó bá rí orí lọ́rùn ẹlòmíràn. Wọ́n ń pè é ní Bẹ́-ẹ-Ná nítorí pé kí ẹjọ́ tó dé etí rẹ̀ ni ó ti máa ń wí pé, “Ẹ bẹ́ ẹ ná.” Ọkọ̀ rẹ̀ dúró láàárín agbo, funfun báláú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n so Abíọ́nà mọ́ òpó, wọ́n ti lù ú títí ojú rẹ̀ ọ̀tún kò fi là mọ́.

Ọba nawọ́ sí iwájú àga awakọ̀, níbi tí iná kékeré kan ti ń tàn, pupa rúsúrúsú. Ó ní, “Ojú yìí ń wò mí. Mo jí, ó ń wò mí. Mo jáde, ó ń wò mí. Ọba wo ni ohun ìní rẹ̀ ń wò láìṣẹ́jú? Mẹ́tàdínlógún ni ó ti wá síbí. Wọ́n tú ẹ́ńjìnì, wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n fọ èyí, wọ́n fọ tọ̀hún, ojú kò padé. Ìwọ ta ni?”

“Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹni tí ẹ so mọ́lẹ̀ yẹn.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ojú yìí kò bá padé kí oòrùn tó wọ̀, o rí igi tí ó ṣófo lẹ́nu ibodè. Bí ó bá padé, kí ẹ̀yin méjèèjì máa lọ sílé yín.”

Mo fi àdá gé okùn ara àbúrò mi. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?” Ẹ wo ẹni tí ikú dúró dè! Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ símú. Mo sọ ohun tí Onímú-Àgbá wí fún un, pẹ̀lú àlọ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín bí ètè rẹ̀ tilẹ̀ ti bẹ́.

“Ẹbọra yẹn gbọ́n ju gbogbo wa lọ,” ni ó wí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnì yìí kò ṣàìsàn. Epo bẹntiróòlù tí ó wà nínú táǹkì máa ń mí. Èémí rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde síta. Rọ́bà kan ni ó ń gbé e lọ fún ẹ́ńjìnì, kí ẹ́ńjìnì jó o. Bí ibì kan bá ń jò, ọkọ̀ á mọ̀, á sì la ojú yẹn. Iwájú ni gbogbo wọn ń tú, ẹ̀yìn ni ọ̀ràn wà.”

Ó fi ọwọ́ kan ìdérí táǹkì, ìdérí sì bọ́ sí i lọ́wọ́ láìlo agbára. Ó béèrè ẹni tí ó ń bu epo sínú ọkọ̀. Bàbá arúgbó kan jáde. Adẹ́mu ni ó jẹ́ kí wọ́n tó fi epo ọba sí ìkáwọ́ rẹ̀.

“Èmi ni, ọmọ mi,” ni ó wí. “N kì í dé e pa. Ohun tí ó bá ń hó nínú agbè, a kì í dí i lẹ́nu pa. Ewé la máa ń fi dí i kí ó lè rí ibi mí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ agbè á bẹ́. Mo gbọ́ tí epo yẹn ń hó nínú oòrùn, mo sì ṣàánú rẹ̀.”

Kò sí adẹ́mu tí kò ní ṣe bí ó ti ṣe. Ẹmu tí wọ́n bá dé pa, ariwo rẹ̀ ni wọn yóò gbọ́. Abíọ́nà la ẹnu láti sọ pé àṣìṣe lásán ni, pé a ó kọ́ bàbá náà bí wọ́n ṣe ń dé e, ṣùgbọ́n ọba ti wí pé, “Ẹ bẹ́ ẹ ná.” Akọ́dà fi idà gba ọrùn arúgbó náà, orí rẹ̀ yí gbirigbiri wá bá mi lẹ́sẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì bí ẹni tí ó kù díẹ̀ kí ó parí àlàyé. Abíọ́nà sunkún. Ó yí ìdérí náà títí ó fi dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òórùn ṣì wà, pé ibi tí ó ń jò ju ẹyọ kan lọ.

Nígbà náà ni èmi Ọdẹ́níran gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá mi ṣe é. Mo ní, “Àbúrò, báwo la ṣe ń mú òkété?” Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n. Òkété kì í ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. A ó dí èyí tí a rí, a ó fín èéfín sínú ihò kan, a ó sì máa wò yíká. Ibi tí èéfín bá ti yọ, ibẹ̀ ni àdá ń dúró sí. Ojú Abíọ́nà tí ó kù mọ́lẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n iná kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibí o. Èéfín tí ó ti tutù nìkan la fẹ́.”

A fa epo táǹkì sínú agbè, a gbé e jìnnà. A dá iná ní ìwọ̀n ọgọ́ta ìṣísẹ̀ sí ọkọ̀, a kó ewé tútù lé e. A so ọparun oníhò mọ́ra wọn láti ibẹ̀ dé ẹnu táǹkì, a fi amọ̀ dí oríkèé wọn, alágbẹ̀dẹ ìlú náà sì ń fi ẹwìrì fẹ́ èéfín wọlé. A dúró. A wò títí, a kò rí nǹkan. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ ọkọ̀, nítòsí táyà ẹ̀yìn lápá òsì, èéfín tín-ín-rín kan yọ bí òwú.

Akọ́dà tí ó pa adẹ́mu ń mu tábà. Ó fẹ́ rí i. Abíọ́nà kígbe pé kí ó yọ ìkòkò tábà kúrò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ni mẹkáníìkì tí yóò pàṣẹ fún akọ́dà? Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọrùn sábẹ́ ọkọ̀. Bọ̀ọ̀! Èémí epo tí ó ṣẹ́ kù gbaná. Irùngbọ̀n rẹ̀ lọ, ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ, awọ ojú rẹ̀ ká bí ewé gbígbẹ, ó sì sáré wọ àárín èrò, ó ń fi ọwọ́ iná gbá ẹni tí ó bá rí mú títí ó fi ṣubú tí kò dìde. Èmi àti Abíọ́nà da iyanrìn bo iná tí ó kù. Ẹnikẹ́ni kò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, èmi pàápàá kò purọ́ ìbànújẹ́.

Abíọ́nà fa rọ́bà ibẹ̀ jáde. Gígé ni, ó gún régé. Ó fi hàn mí, ó ní, “Eku kọ́ ló jẹ èyí. Idà ni.” Alágbẹ̀dẹ wò yíká, ó sì sọ̀rọ̀ sí wa létí. Ó ní nígbà tí ojú náà kọ́kọ́ là, mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti ní kí wọ́n dé táǹkì pa, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ náà ní ìrìn mẹ́ta kí ojú tó padé. Ọba kò dúró de ẹyọ kan. Wọ́n tẹ́ ọkùnrin náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ọba fúnra rẹ̀ sì bẹ́ ẹ. Idà gé ọrùn, ó sì bá rọ́bà lábẹ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọba ni ó gé ọkọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń pa ayé nítorí rẹ̀!

Mo la ẹnu. Abíọ́nà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. “Ẹ má sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́.” Mo gbé e mì, ó sì korò.

Ó fi túúbù táyà àtijọ́ bọ rọ́bà náà, ó fi wáyà dì í mọ́ra, a sì tún fín èéfín. Èéfín kò yọ níbì kankan. Òórùn kò sí mọ́. A da epo padà, a dé e pa, Abíọ́nà jókòó, ó sì ta ọkọ̀ jí. Ojú náà ṣì là sílẹ̀, pupa rúsúrúsú. Ọba gbé ọwọ́ sókè, akọ́dà kejì sì fa idà yọ.

Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, ọkọ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń jò. Ó fẹ́ fi ara rẹ̀ wò ó pé ó ti dí. Ẹ jẹ́ kí ó rìn, kí ó tutù, ní ìgbà mẹ́ta. Nígbà kẹta ojú á padé. Orí mi ni mo fi dúró.”

Ọba gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́, kò rí òórùn epo níbẹ̀, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní, “Mo gbà. Mẹ́ta.”

Àbúrò mi wa ọkọ̀ dé odò, ó wà á padà. Ojú ṣì là. A dúró kí ẹ́ńjìnì tutù. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó padà. Oòrùn ti dé orí ọ̀pẹ. Ojú ṣì là. Abíọ́nà sọ̀kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ bí ẹni tí ń wọn ibà ọmọ, ara rẹ̀ balẹ̀. Èmi tí kò wakọ̀ rí, èmi ni ara mi kò balẹ̀. Mo wo oòrùn, mo wo ojú pupa yẹn.

Mo ní, “Abíọ́nà, ṣé ó dá ọ lójú? Àbí o ti ṣì í?”

Mo sọ ọ́ sókè. Ohùn ọdẹ kì í mọ̀ ọ́n sọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi kò pa mí.

Ọba yí orí kékeré rẹ̀ sí mi. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá kò gbà á gbọ́,” ni ó wí. “Ẹ bẹ́ ẹ ná.”

Abíọ́nà wò mí. Kò bínú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ku ẹyọ kan.” Idà sì dé.

Bí ẹ bá ń retí kí n fi ìyókù yangàn, n kò ní í yangàn. Mo fi àdá la akọ́dà láti èjìká dé ìbàdí. Wọ́n máa ń ní orí ọba yẹn kéré jù fún ọta ìbọn láti bà. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ọrùn nìkan ni ó kù tí ó dúró kí gígùn rẹ̀ tó wó lulẹ̀ bí igi àgbọn. Ẹni tí ó dojú kọ mí, mo ṣá a. Ẹni tí ó sá, mo lé e. Alágbẹ̀dẹ nìkan ni mo dá sí. Nígbà tí apá mi kò lè gbé àdá mọ́, agbo náà rin gbindin, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tí mo pa tí ó dá Abíọ́nà padà fún mi.

Mo tẹ́ ara rẹ̀ sí àga ẹ̀yìn, mo fi ẹ̀wù mi wé orí rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò di sítíárìn mú rí láyé mi. Mo gbá igi, mo gbá òkúta, mo gun òkú Onímú-Àgbá kọjá, n kò dúró. Ojú pupa yẹn ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Nígbà tí mo kan oko àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, níbi tí èéfín ilé ti ń hàn lókèèrè, ojú náà padé. Kò dún, kò ṣẹ́jú. Ó kàn kú ni.

Mo tẹ bíréèkì. Mo ní, “Abíọ́nà, ó ti padé.” Mo tún un wí. Mo tú ẹ̀wù náà, mo gbé orí rẹ̀ sókè ní ọwọ́ mi méjèèjì, mo kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí iná náà ti kú, kí ó lè rí i. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ bá mi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá rò pé mo bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ imú ẹbọra, ẹ bu iyọ̀ náà kúrò, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìrìn kejì, bí mo ti sọ ọ́ gan-an ni mo sọ ọ́ fún yín yìí, ẹ má bu ohunkóhun kúrò níbẹ̀.